Rírí, Yíyà àti Dídámọ̀: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Sísọ Rádà Ọkọ̀ Òkun Olówó Pọ́ọ́kú di Ẹ̀rọ Ayàwòrán

1.0 Ìfáàrà

Ó ti di àṣà láàárín àwọn tí ń ṣe ìwádìí ẹ̀rọ láti mú rádà kékeré, irú èyí tí àwọn apẹja àti àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ ń rà lọ́jà, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì kéde pé ó ti di ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ohun tí ó wà lókèèrè. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Rádà tí a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ fún yíyàwòrán, irú èyí tí àwọn ológun ń gbé sínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ju ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lè dá owó rẹ̀ san lọ. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí a kò bá rí àdán, a ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

A kò fẹ́ bá ẹni tí ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ jà nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ohun tí ẹ̀rọ náà mú jáde, èyí ni 'àwòrán'. Ojúṣe lámèyítọ́ ni láti bi iṣẹ́ kan léèrè bóyá ohun tí ó ṣe bá ohun tí ó ní òun ṣe mu. A kò rí ìdí tí a ó fi bi ewì àti eré-oníṣe ní ìbéèrè yìí, tí a ó sì yọ ẹ̀rọ sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni àwọn tí ń lo ẹ̀rọ náà fi ń sọ ohun tí wọ́n rí.

A ó fi hàn pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà níhìn-ín: rírí, yíyà, àti dídámọ̀. Ẹni tí ó rí nǹkan ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹni tí ó yà á ti mọ bí ó ṣe tò. Ẹni tí ó dá a mọ̀ ni ó lè pe orúkọ rẹ̀. Èrò tiwa ni pé rádà olówó pọ́ọ́kú lè ti orí iṣẹ́ kìíní bọ́ sí ìkejì bí a bá fún un ní ohun tí ó ṣaláìní, ṣùgbọ́n kò sí àtúntò tí ó lè mú òun nìkan dé ìkẹta. Ẹni tí ó bá ṣe bí ẹni pé ó ti dé ibẹ̀ ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́.

2.0 Rírí: Ohun tí a ṣe rádà ọkọ̀ òkun fún

Kí ọkọ̀ má baà kọlu ọkọ̀ ni a ṣe dá irú ẹ̀rọ yìí sílẹ̀. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 1904, ní ìlú Cologne ní ilẹ̀ Jámánì, Christian Hülsmeyer fi ẹ̀rọ kan han àwọn ènìyàn lẹ́bàá odò Rhine. Bí ọkọ̀ bá wà níwájú, ìgbì rédíò yóò kọlù ú, yóò padà, agogo yóò sì dún. Ẹ̀rọ náà kò lè wọn bí ọkọ̀ ti jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí ó ti rí. Agogo tí ń dún ni rírí láìsí àfikún kankan.

Rádà òde òní ti kọjá agogo, ṣùgbọ́n ìwà àbímọ́ni rẹ̀ kò yí padà. Ó ń ju ìdì ìgbì rédíò kúkúrú jáde, ó ń dúró de èyí tí yóò padà, ó sì ń fi àkókò àlọ àti àbọ̀ wọn ọ̀nà jíjìn. Nínú rádà kékeré, ìdì tí ó kúrú jù lọ sábà máa ń gùn tó mítà 24 nínú afẹ́fẹ́. Nítorí pé àlọ àti àbọ̀ ni, ohun méjì tí wọ́n wà lórí ìlà kan náà, tí wọn kò sì fi mítà 12 jìnnà sí ara wọn, yóò dà pọ̀ lójú ẹ̀rọ. Èyí ni ìwọ̀n rẹ̀ ní gígùn.

Ní ìbú, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígùn ìgbì tí irú rádà yìí ń lò jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.2. Bí ìbú áńtẹ́nà rẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, ìtànṣán rẹ̀ yóò fẹ̀ tó dígírì 4. Ní kìlómítà 5, dígírì 4 yìí ti di nǹkan bíi mítà 350. Nítorí náà, ọkọ̀ onígi tí ó gùn ní mítà 10 àti ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gùn ní mítà 100 lè di àmì tí fífẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, bí ìgbì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá padà bá ti lágbára tó láti hàn. Atukọ̀ tí ó mọṣẹ́ kò ní sọ pé òun ń wo àwòrán ọkọ̀. Yóò sọ pé òun rí àmì, yóò sì máa ṣọ́ bí àmì náà ti ń rìn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kò fi ojú náà kàwé.

3.0 Yíyà: Ìrántí gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ àwòrán

Babátúndé Lawal, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 2001, tú ọ̀rọ̀ 'àwòrán' sí à-wò-rántí, ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá ni ó ń sọ, kò sọ ti rádà. Ṣùgbọ́n ìtúpalẹ̀ yìí wúlò fún wa, nítorí pé ìrántí gan-an ni ohun tí ó ya rádà tí ń rí sọ́tọ̀ kúrò lára rádà tí ń yà.

Ìgbì a máa gòkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀. Ibi tí ó wà nínú gígòkè-sọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ni a ó máa pè ní ìdúró ìgbì. Bí ọkọ̀ tí à ń wò bá ń yí díẹ̀díẹ̀, apá kan ara rẹ̀ yóò máa súnmọ́ wa, apá kejì yóò sì máa jìnnà. Ìdúró ìgbì tí ó ti apá kọ̀ọ̀kan padà yóò máa yàtọ̀ láti orí ìdì kan dé èkejì. Ẹ̀rọ tí ó bá rántí ìdúró ohun tí ó jù jáde lè fi ohun tí ó padà wé e, kí ó sì ya apá ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Carl Wiley ní ilé-iṣẹ́ Goodyear ní Amẹ́ríkà ni ó gbé irú èrò yìí kalẹ̀ ní 1951, fún rádà tí ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ń rìn. Yálà rádà ni ó ń rìn tàbí ohun tí à ń wò ni ó ń yí, ìlànà kan náà ni.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Bí ọkọ̀ náà bá yí ní dígírì 1 péré, rádà tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.2 lè pín ìbú rẹ̀ sí ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó mítà 1. Jíjìnnà ọkọ̀ kò sì yí ìwọ̀n yìí padà, níwọ̀n ìgbà tí ìgbì tí ó padà bá ṣì lágbára tó. Ẹ jẹ́ kí a fi mítà 1 yìí sí ẹ̀gbẹ́ mítà 350 tí a sọ lókè.

Kí ni ó wá dí rádà ọkọ̀ òkun lọ́wọ́? Magnetron ni. Irú ẹ̀rọ amúgbìjáde yìí, tí John Randall àti Harry Boot ṣe ní Yunifásítì Birmingham ní oṣù kejì ọdún 1940, ni ó mú kí rádà kékeré tí ó lágbára ṣeé ṣe. Ó lágbára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n onígbàgbé ni. Ìdúró tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ìdì ìgbì kan kò bá ti èyí tí ó ṣáájú tan rárá. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe sọ pé asán ni gbogbo akitiyan láti fi rádà olówó pọ́ọ́kú yàwòrán.

A kò gba ti àwọn wọ̀nyí. Bí onígbàgbé kò bá lè rántí, ẹlòmíràn lè bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn atúnrádàtò a máa bu díẹ̀ nínú ìgbì tí ń jáde, wọn a kọ ìdúró rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ìgbì náà bá sì padà, wọn a yọ àṣìwí magnetron kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀nà náà bọ́gbọ́n mu, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní àfikún, láti nǹkan bí ọdún 2009 ni àwọn rádà kéékèèké tí kò lo magnetron rárá ti ń wọ ọjà àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́; àwọn wọ̀nyí rọrùn láti mú rántí. Ẹni tí ó bá ní kò ṣeé ṣe kò wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀.

4.0 Iye tí àtúntò náà ń gbà

Bí a kò ti gba ti àwọn tí ń sẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò gba ti àwọn tí ń ṣe àṣejù. Àwọn wọ̀nyí máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti wà, ìyókù ti bùṣe. Wọ́n a tọ́ka sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní 2011, níbi tí a ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi agolo kọfí ṣe áńtẹ́nà rádà, tí wọ́n sì fi í yàwòrán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tí ń yàwòrán ni ó ń sún rádà lórí ìlà tí ó ti wọ̀n, ohun tí à ń yà sì dúró sójú kan. Òkun kò fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Ohun mẹ́ta ni a rí tí àwọn alásọdùn kì í sábà sọ síta.

Èkínní, ìrántí tún ìbú ṣe, kò tún gígùn ṣe. Mítà 12 tí ìdì ìgbì fún wa ṣì wà níbẹ̀. Ègé kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà yóò wá jẹ́ nǹkan bíi mítà 1 ní ìhà kan àti mítà 12 ní ìhà kejì. Ọkọ̀ apẹja tí ó gùn ní mítà 10, tí ó kọ orí sí wa, yóò wọ inú ègé kan ní gígùn. Bí kọ̀ǹpútà bá wá fa ègé náà tẹ́rẹ́, tí ó sì dán an, ohun tí ojú ń rí lẹ́yìn náà jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ìròyìn láti òkun. Rádà tí kò lo magnetron lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tí ó bá tẹ́ ìgbì rẹ̀ sórí mẹ́gáháàsì 75 lè dé mítà 2. Síbẹ̀, ègé márùn-ún ni mítà 2 yóò pín ọkọ̀ onímítà mẹ́wàá sí. Ègé márùn-ún kò tó láti fi dá ojú ènìyàn mọ̀, kò sì tó láti fi mọ̀ bóyá àwọ̀n tàbí àkàbà ni wọ́n kó sínú ọkọ̀.

Èkejì, yíyà ń gba àkókò tí ìṣọ́ kò ní. Bí áńtẹ́nà bá ń yí ní ìgbà 24 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìtànṣán tí ó fẹ̀ ní dígírì 4 yóò kọjá lórí ọkọ̀ kan láàárín nǹkan bí ìdá 28 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Kí a sọ pé ọkọ̀ náà ń fì ní ìwọ̀n dígírì 6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ìdá 28 yẹn, kò ní tíì yí tó ìdá kan nínú márùn-ún dígírì, ègé ìbú àwòrán yóò sì lé ní mítà 5. Kí ó tó yí ní odindi dígírì kan, a ní láti dá áńtẹ́nà dúró, kí ó tẹjú mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà tí ó bá sì tẹjú mọ́ ọ̀kan, kò rí ìyókù. Bí rádà náà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ó wà nínú ọkọ̀ kékeré, ẹni tí ó tún un tò ti gba ojú lọ́wọ́ alákàn.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí à ń yà ni ó di ìdajì gègé mú. Bí ọkọ̀ bá ń fì láti ọ̀tún sí òsì, àwòrán rẹ̀ yóò jọ ẹni tí a wò láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú òpó rẹ̀ lókè. Bí ó bá ń yí orí kiri, àwòrán náà yóò jọ ohun tí a wò láti òkè. Bí ìrìn méjèèjì bá dà pọ̀, a kò lè ti inú àwòrán nìkan mọ ìhà tí à ń wò. Nínú fọ́tò, ayàwòrán ni ó yan ibi tí òun dúró sí. Níhìn-ín, omi àti atukọ̀ kejì ni wọ́n yàn án fún un.

5.0 Dídámọ̀: Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1956, ọkọ̀ Andrea Doria ti ilẹ̀ Ítálì àti Stockholm ti ilẹ̀ Sweden forí gbárí nítòsí erékùṣù Nantucket ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 51 ni ó kú. Rádà wà nínú ọkọ̀ méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti rí èkejì lójú rádà kí wọ́n tó pàdé. Ṣùgbọ́n ọ̀gákọ̀ Andrea Doria gbà pé ọ̀tún ni wọn yóò gbà kọjá lára ara wọn, nígbà tí ẹni tí ń darí Stockholm gbà pé òsì ni. Ọ̀kan yà sí òsì, èkejì yà sí ọ̀tún, wọ́n sì pàdé. Rádà kò purọ́ fún wọn pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún àmì ni kò bára mu.

Òfin àgbáyé tí a ṣe ní 1972 láti dènà ìforígbárí lójú òkun, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, fi hàn pé wọ́n mọ ewu yìí. Ó ní kí atukọ̀ máa fi ojú, etí àti gbogbo ohun tí ó bá ipò mu ṣọ́nà. Ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbé ìpinnu ka ìsọfúnni tí kò kún tó, àgàgà èyí tí ó bá ti ọ̀dọ̀ rádà wá. Ìkìlọ̀ yìí ṣì kan rádà tí a ti tún tò. A tilẹ̀ lè sọ pé ó kàn án jù, nítorí pé àmì lásán ń jẹ́wọ́ pé òun kò kún, ṣùgbọ́n àwòrán máa ń ṣe bí ẹni pé òun kún.

Ewu náà tún pọ̀ sí i níbi tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ń wò. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2012, ní etíkun Kerala ní ilẹ̀ Índíà, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n ń ṣọ́ ọkọ̀ epo Enrica Lexie yìnbọn sí ọkọ̀ apẹja kan. Apẹja méjì kú. Wọ́n ní ajalèlókun ni àwọn pè wọ́n. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹjọ́ náà di ìjà láàárín orílẹ̀-èdè méjì títí di 2020, nígbà tí ìgbìmọ̀ onílàjà dá a pé Índíà ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtanràn. Bí ojú ènìyàn ní ojúmọmọ bá lè ṣi apẹja pè, kí ni a ó retí lọ́wọ́ ègé márùn-ún lóru?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí etíkun tiwa. Ní 2020, àjọ IMB ṣírò rẹ̀ pé 130 nínú àwọn atukọ̀ 135 tí a jí gbé ní gbogbo àgbáyé ni a jí gbé ní ìyawọ̀ òkun Guinea. Iye náà ti wálẹ̀ gan-an láti 2021, ṣùgbọ́n ìfura kò tíì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lórí omi kan náà ni àwọn apẹja Ìlàjẹ, ti Èkó, ti Àgbádárìgì àti ti Kútọnu ń ná ọkọ̀ onígi. Igi kì í dá ìgbì rédíò padà bí irin. Òfin àgbáyé kò sì fi dandan lé irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ láti gbé ẹ̀rọ AIS tí ń kéde orúkọ àti ipò ọkọ̀. Lójú rádà, apẹja àti ajalèlókun jọ ń gun ọkọ̀ tí ó kéré, tí ó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, tí kò sì dárúkọ ara rẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni èrò ọkàn wọn àti ẹrù inú ọkọ̀ wọn, méjèèjì kò sì dá ìgbì padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ 'ọkọ̀ ajalèlókun' sábẹ́ àwòrán rádà kò ka ohun tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó kọ.

6.0 Àtúntò tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀

Kí a má baà rò pé ìbáwí nìkan ni iṣẹ́ lámèyítọ́, ó yẹ kí a tọ́ka sí àtúntò tí a gbà pé ó yọrí sí rere. Ní 1985, Young, Rosenthal àti Ziemer tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa bí a ṣe lè fi rádà ọkọ̀ òkun mọ ìhà tí ìgbì òkun ń dorí kọ àti bí omi ojú òkun ti ń ṣàn. Ìdọ̀tí ni àwọn atukọ̀ ka ohun tí omi òkun ń dá padà sí. Wọ́n a máa yí bọ́tìnnì láti nù ún kúrò. Àwọn onímọ̀ yìí kò nù ún. Wọ́n to ìrí kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n sì ka bí ìdọ̀tí náà ti ń rìn. Irú ìgbì tí wọ́n ń wá gùn ju ìwọ̀n tí ẹ̀rọ kò lè rí lọ. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju ohun tí ẹ̀rọ ní lọ.

Ti ẹyẹ náà tún wà níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ rádà ń rí àmì tí wọn kò mọ orísun rẹ̀. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni a wá ń pè ní áńgẹ́lì. Ní 1945, David Lack àti George Varley fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé rádà ń rí ẹyẹ. Kí a kíyè sí i pé kì í ṣe rádà tí ó dára jù ni ó sọ áńgẹ́lì di ẹyẹ. Ẹni tí ó mọ ẹyẹ, tí ó sì lọ fi ojú wò ó, ni ó ṣe é. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń fi rádà ọkọ̀ òkun ka ẹyẹ níbi tí a fẹ́ gbin ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀rí ojú tì í lẹ́yìn kí wọ́n tó dárúkọ irú ẹyẹ.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé sísọ rádà ọkọ̀ òkun olówó pọ́ọ́kú di ẹ̀rọ ayàwòrán ṣeé ṣe, pé ìrántí ìdúró ìgbì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti pé ìdíwọ̀n mẹ́ta tí a kà sílẹ̀ kì í lọ nítorí pé kọ̀ǹpútà dé. Ohun mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá. Kí ó kọ ìwọ̀n ègé àwòrán rẹ̀, ní gígùn àti ní ìbú, sára àwòrán náà fúnra rẹ̀. Kí ó má ṣe tún rádà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ fi ń ṣọ́nà tò. Kí ó wá èkejì. Kí ó má sì pe orúkọ ohun kankan láìsí ẹ̀rí kejì, ìbáà jẹ́ ojú ènìyàn, ìbáà jẹ́ AIS, ìbáà jẹ́ ohùn atukọ̀ lórí rédíò.

Nípa ti ọ̀rọ̀ náà, a kò sọ pé kí a má pe ohun tí ẹ̀rọ náà mú jáde ní 'àwòrán' mọ́. Bí ó bá rántí ìdúró ìgbì, ó yẹ fún orúkọ náà. Ohun tí à ń sọ ni pé ìrántí rẹ̀ kò kọjá ìgbì. Kò rántí ilé tí ọkọ̀ ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìdí tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ fi wà lórí omi lóru. Ẹlẹ́rìí ni a lè fi ṣe. Bí a bá sọ ọ́ di adájọ́, apẹja tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun ni yóò san gbèsè rẹ̀.